Ìròyìn Ló Yẹ Kó Yan Òde, Kì Í Ṣe Kó Fagi Lé E

Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé láti ìrọ̀lẹ́ Sunday ni fóònù òbí á ti máa dún. Ohùn kan á wọlé lórí WhatsApp pé onígbáméjì ti dé ìlú. Òmíràn á ní èéyi ti sú sí ọmọ méjì lára ní kíláàsì nọ́sìrì. Tó bá di Tuesday, fídíò ojú ọ̀nà kan á tún dé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti yà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà la sì ti ṣèlérí fáwọn ọmọ pé a ó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwà, ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí pé Sátidé la ó gun ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí títí ariwo á fi rọlẹ̀. Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó ń gbà ràn. Òbí tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ òde tí ọmọ lè lọ, èyí tó yẹ kó dúró, àti ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìròyìn náà wò ná. Ohùn tó bá ní ọfà méjì lórí ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán kó tó kàn yín. Láti 2020 ni WhatsApp kò ti jẹ́ kí èèyàn fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dárúkọ ọjọ́, bóyá ó dárúkọ àdúgbò. "Lánàá, nílùú wa níbí" kì í ṣe ọjọ́, kì í sì í ṣe àdúgbò, ohùn náà lè ti pé ọdún mẹ́rin. Tó bá jẹ́ àwòrán, Google Lens lè fi hàn yín bóyá ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò yín. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kọ àìsàn tó bẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé, nọ́ọ̀sì sì mọ ẹni náà. Ẹ má bi í pé "ṣé òótọ́ ni?", torí ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn tó wúlò. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, àdúgbò wo ló ti ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ wo lẹni àkọ́kọ́ wọlé? Ṣé àyẹ̀wò ti jáde?"

Nínú gbogbo rẹ̀, èéyi ni mo fẹ́ kí òbí fọwọ́ gidi mú jù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Bí ọmọ tó ní in bá wúkọ́ nínú yàrá tó sì jáde, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí méjì. Láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kó tó sú síta ni ọmọ náà ti ń kó o ran ẹlòmíràn, títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tó sú. Nítorí náà, kí ìyá kan sọ pé kò tíì sí nǹkan kan lára ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n jọ ṣeré kò tó ohun tí a ó fọkàn lé. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà ń tan òbí jẹ: ara á gbóná, imú á máa ṣàn, ikọ́ á wọlé, ojú á pọ́n, gbogbo rẹ̀ á dà bí ọ̀fìnkìn lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni á wá sú lẹ́yìn etí àti níwájú orí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, àyà àti ẹsẹ̀. Lára ọmọ dúdú, ojú lè má tètè rí i. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe rí ṣákaṣàka. Ẹni tó bá la ẹnu ọmọ wò ṣáájú lè rí àmì funfun wínníwínní bí hóró iyọ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ fa káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà bá dé. Ibi tí wọ́n kọ "measles" sí ni kí ẹ wò. Ẹ̀kíní jẹ́ ní oṣù mẹ́sàn-án, ìkejì ní oṣù márùndínlógún. Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í gbà, torí oṣù mẹ́fà ti là á láàárín, ìyá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ti ń rìn, ara rẹ̀ sì le. Ohun kejì tó ń fa ìdíwọ́ ni ìgò abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgò kan tó ọmọ mẹ́wàá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà, èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Wọn kì í fẹ́ ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ìyá pé kó padà wá, tí ìyá yẹn náà á sì bínú tí kò ní padà mọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i ní sẹ́ńtà yín, kí ẹ kó ọmọ aládùúgbò méjì mẹ́ta dání, kí ẹ sì tètè dé. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Bí ọmọ tí kò tíì gbà á bá sì ti bá ẹni tó ní èéyi pàdé, abẹ́rẹ́ náà ṣì lè ràn án lọ́wọ́ bó bá gbà á láàárín wákàtí 72. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró wò ó ná.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ní 1956 ni Dókítà David Morley, òyìnbó oníṣègùn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí èéyi ṣe ń pa ọmọ, àti bí èyí tó yè ṣe ń rù hangogo. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí nọ́ọ̀sì ń fa ìlà sí lóṣooṣù, iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ló gbé e dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Bí ó bá ti mú ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí wọ́n fún un ní fítámíìnì A lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn: 200,000 IU (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn fítámíìnì) ni ìwọ̀n fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, 100,000 IU fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá. Ojú ló ń dáàbò bò, ó sì ń dín ikú kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán nǹkan kan sí ọmọ lójú, ì báà jẹ́ omi ewé, àdín tàbí omi ọyàn. Ojú tí èéyi ti sọ di ọgbẹ́ kò gba ìdọ̀tí, ibẹ̀ ni ìfọ́jú ti ń wá. Ẹ má sì gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògì tí a fi mílíìkì tàbí sóyà sí, ẹyin, ẹ̀wà rírọ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, sàn ju abọ́ ńlá kan tí kò ní lè jẹ tán.

Ní ti òde, ọmọ tó ti gba méjèèjì lè lọ síbi tó bá wù ú. Èyí tí tirẹ̀ kò pé kò gbọdọ̀ wọ yàrá tó kún, bíi pátì ọjọ́ ìbí inú gbọ̀ngàn tàbí bọ́ọ̀sì tó há, títí bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá gba abẹ́rẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ mú un lọ. Mọ̀pá ní Ilé-Ifẹ̀ dára fún un. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà níbẹ̀, òkúta tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìṣó náà, kí wọ́n sì wo irú ìlà tí wọ́n tò ó sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ wo ère Mọremí tí wọ́n ṣí ní 2016. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga rẹ̀. Ọmọ ọdún méje á lè ṣírò iye tó fi ju òkúta yẹn lọ.

Onígbáméjì kì í bá afẹ́fẹ́ rìn. Ẹnu ló ń gbà wọlé, láti inú omi, oúnjẹ àti ọwọ́. Bó bá jẹ́ òun ni ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà, inú mùsíọ́ọ̀mù kò léwu, ohun tí ọmọ bá jẹ lẹ́nu géètì ló léwu. Ọsàn bíbó tí wọ́n ń wọ́n omi sí kó lè máa dán, sóbò tí wọ́n ju omi dídì sí, píọ̀ wọ́tà tí wọ́n rì sínú bàsíà yìnyín tí ọmọ á wá fi eyín fà ya: omi inú ọ̀rá náà lè mọ́, ṣùgbọ́n ara ọ̀rá ni ọmọ fi kan ẹnu. Ẹ ru omi tirẹ̀ dání, 75cl fún ọmọ kan fún ìdajì ọjọ́, èyí tí ẹ ti sè tó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹyin sísè tí ẹ kò tíì bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìrẹsì tó ṣì gbóná nínú kúlà, ó ti tó. Mọ́ínmọ́ín tètè ń bàjẹ́ nínú ooru mọ́tò, ẹ fi sílé. Ẹ mú ọṣẹ dání: jẹ́líì afọwọ́ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó ti dọ̀tí.

Kí sáṣẹ́ẹ̀tì ORS méjì (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́) àti síǹkì wà nílé kí ọjọ́ náà tó dé. Sáṣẹ́ẹ̀tì ORS kan, omi lítà kan ni, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 50cl méjì. Ẹ wo ara ọ̀rá náà, torí àwọn kan ti dín tiwọn kù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìyá bu ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì sínú kọ́ọ̀bù kan. Iyọ̀ á pọ̀ jù, ó sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Bí kò bá sí ORS, síbí ìpo-tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì síbí iyọ̀ sínú lítà kan, gbogbo rẹ̀ títẹ́jú, kí ó má ga bí òkè. Ẹ tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, 50 sí 100ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200ml. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síbí, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, omi náà ti di àdànù. Síǹkì 20mg lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ti dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, bí ojú bá jìn, bí ọmọ bá ń sunkún tí omijé kò jáde, tàbí tí ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, ẹ má jókòó sílé máa po nǹkan. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ máa fún un mu lójú ọ̀nà.

Ìròyìn mìíràn wà tí kì í ṣe ti àìsàn. Ní February 2024, kìnnìún kan pa ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ẹranko OAU, yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni kí ẹ sọ, ní gbólóhùn méjì: ó ṣẹlẹ̀, ó dun gbogbo wa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ òfin: a kì í na ọwọ́ sí inú àgò ẹranko. Kí ẹ tó gbéra lọ síbẹ̀ nígbàkúgbà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣí.

Mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ni èmi á fi sí ipò kìíní fún ọmọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, torí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kì í fara dà á ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀. Àwọn orí idẹ ni kí ẹ lọ bá. Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ẹ fi ìlà wẹ́wẹ́ ojú wọn han ọmọ, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ orí náà, wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda náà jáde, idẹ yíyọ́ wá gba àyè rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi àbẹ́là ṣeré rí á lóye rẹ̀ kíá.

Omi Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, èyí àkọ́kọ́ tó, kí àgbàlagbà kan mú ọmọ kan. Kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dán ni kí wọ́n wọ̀, sílípáàsì ló ń gbé ọmọ ṣubú níbẹ̀. Bí omi bá ṣàdédé yí sí pupa, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lórí òkúta lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn níbi tí ẹ wà. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni ẹ máa gbà. Ẹ kúrò nílé kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ẹ sì gbéra padà ní aago méjì, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ kọ déètì náà sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́. Onígbáméjì máa ń hàn láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún, èéyi kì í sábà sú kó tó tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná ní Tuesday lẹ́yìn òde Sátidé, kì í ṣe èéyi ló kó bọ̀ níbẹ̀. Ibà ló ṣeé ṣe jù ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan ṣe àyẹ̀wò ibà, èsì á jáde láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó ra oògùn kankan.