Tráàkì ẹ̀yìn orin: mítà ní wọ́n dọ́gba, gbọ̀ngàn ní irọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Orin kẹfà ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo kọ̀wé kẹ́yìn, mo ní iṣẹ́ tráàkì, ìyẹn orin tí a ti gbà sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa máa ń ṣeré lé lórí, ti ń parí lọ, pé kí ohùn gbogbo wọn ṣe déédéé ara wọn nìkan ló kù. Ìyẹn "nìkan" yẹn ló ti ń jẹ alẹ́ mi láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n yára ka àwọn tó ti parí. Orin méjèèjìlá ti wà nínú Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to orin. Kílíìkì, ìró kọ́-kọ́ tó ń bá àwọn tó ń ṣeré ka ìlù, wà lápá òsì, orin wà lápá ọ̀tún. Orúkọ fáìlì ti bá ètò orin mu. Orin kẹsàn-án, tí dùrù abẹ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pòórá tí mo bá pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ sójú kan, apá òsì rẹ̀ nìkan ni mo mú, ó sì ti dáa.

Ó wá ku ìwọ̀n ohùn. Ibi tí àwọn tráàkì yìí ti wá ò jọra rárá. Èmi ni mo ṣe àwọn kan látìbẹ̀rẹ̀, a gba àwọn kan sílẹ̀ láti inú kíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ mọ̀ pé bí ṣóńṣó ohùn orin méjì bá dọ́gba, kò ní kí etí gbọ́ wọn bákan náà. Ìlù kan ṣoṣo tó ta sókè ti tó láti gbé ṣóńṣó orin jẹ́jẹ́ ga. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo LUFS, tó ń wọn ohùn bí etí ṣe ń gbọ́ ọ; òdo ni òkè pátápátá, bí nọ́ńbà bá ṣe jìnnà sí òdo tó ni ohùn ṣe rẹlẹ̀ tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù mú -23 ní 2010, Spotify ń lo -14. Èmi mú -18, torí mo fẹ́ kí àyè wà lókè fún ìlù, n kò sì bá ẹnikẹ́ni du ariwo. Ègbè ni mo ń wọ̀n, kì í ṣe odindi orin. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dùrù nìkan fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí mo sì gbé e dé -18, ègbè rẹ̀ á bo ti gbogbo orin yòókù mọ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ -18 géérégé. Nínú hẹ́dífóònù, ó ń lọ wẹ́rẹ́. A gbé e dé gbọ̀ngàn tí a ti ń dánra wò ní Kàbà. Bí a ṣe kúrò nínú orin karùn-ún tí a bọ́ sí ẹkẹfà, àfi bí ìgbà tí èèyàn pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn tó ń kọrin nínú yàrá. Àbúrò tó ń lu gángan yíjú sí mi. Mo wo mítà, -18 ló ṣì ń sọ.

Ohun tó fà á rèé. Béèsì inú orin kẹfà jinlẹ̀ gan-an, ó wà ní nǹkan bí 60 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe jinlẹ̀ tó), kò sì sinmi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlànà BS.1770 tí mítà LUFS ń tẹ̀ lé máa ń fa ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá wálẹ̀, ṣùgbọ́n ní 60 Hz, díẹ̀ ló ń yọ kúrò níbẹ̀. Mítà ka béèsì náà mọ́ ọn, ó ní orin ti kún. Sípíkà gbọ̀ngàn wa sì rèé, oní-íńṣì 12 méjì tí wọ́n ti dàgbà, kò sí sọ́bùúfà, sípíkà ńlá tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ nǹkan bí 90 Hz, ìwọ̀nba ló ń jáde lẹ́nu wọn. Nítorí náà, apá tó pọ̀ nínú ohun tí mítà kà kò dé etí ẹnikẹ́ni.

Mo gbé EQ kan, ohun tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí tó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, sórí ìlà àgbà Reaper, mo gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 90 Hz, mo wá fi mítà sẹ́yìn rẹ̀. EQ yìí kò sí nínú fáìlì tí a máa lò o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe gbọ̀ngàn fún mi nínú ilé. Orin karùn-ún bọ́ láti -18 sí -18.6. Orin kẹfà bọ́ sí -22! Ìyàtọ̀ 3.4 dB (ìwọ̀n gíga ohùn) láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì agbára tó ń wọ sípíkà lọ. Orin kọkànlá náà yọ̀ díẹ̀, ó dé -20.5. Àwọn yòókù ò ṣe nǹkan kan.

Mo ní kí n gbé orin kẹfà sókè. Ṣóńṣó rẹ̀ ti wà ní -2 tẹ́lẹ̀, bí mo bá fi 3.4 kún un, á kọjá òdo, ohùn á sì fọ́. Limiter, tí kì í jẹ́ kí ṣóńṣó ohùn kọjá ibi tí a bá fi í sí, lè dá a dúró, ṣùgbọ́n mo dán an wò, ó ń tẹ ìlù pẹlẹbẹ. N ò lè gba ìyẹn. Mo wá rọ gbogbo àwọn yòókù wálẹ̀ bá a, kí míkísà gbé ohun tó bá kù.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta gìtá béèsì fi pè. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní: "Àbúrò, kí lo tilẹ̀ ń fi béèsì tráàkì ṣe nígbà tí èmi wà níbẹ̀?"

Ó dá mi lẹ́nu dúró. Béèsì méjì nínú orin kan, ńṣe ni wọ́n ń da ara wọn rú, ohùn ìsàlẹ̀ á kàn máa kùn. Ẹ fi orí ọ̀rọ̀ rírọ orin wálẹ̀ yẹn sílẹ̀, ètò ti yí. Mo pa ìlà béèsì nínú àwọn tí mo ṣe fúnra mi. Mo pa béèsì kíbọ́ọ̀dù, mo sì tún àwọn yẹn gbà sílẹ̀. Ti WhatsApp ti lẹ̀ pọ̀, kò ṣe é tú, mo kàn gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti 120 Hz. Mo tún wọ̀n wọ́n: orin kẹfà, bí EQ gbọ̀ngàn wà tàbí kò sí, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó ìdajì dB mọ́. Ara mi yá!

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ wáyà. Ẹni tó bá fẹ́ pín kílíìkì àti orin, kó wo ẹnu jáàkì kó tó sanwó: òrùka dúdú méjì ni kó ní. Èyí tí wọ́n tà fún mi ní Lọ́kọ́jà ní ẹyọ kan, ẹnu méjèèjì tó yà sì ń gbé ohun kan náà, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà Kàbà ló bá mi jó òmíràn, ó sì lágbára ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Wáyà tí wọ́n fi ike dì mọ́ ẹnu rẹ̀ pátá kò ṣe é tú wò, mi ò rà á mọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé tíṣà ni ẹ̀gbọ́n wa, Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni, iléèwé kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀ nígbà gbogbo. Fódà wá di méjì, ọ̀kan ní béèsì, èkejì kò ní. Èyí tó ní béèsì, EQ gbọ̀ngàn ni mo fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ìta gbangba la ti máa ṣeré ní Ìsánlú, sípíkà àyálò sì ni. Bí wọ́n bá gbé sọ́bùúfà wá, béèsì orin kẹfà tó sá pamọ́ ní Kàbà á jáde pátá, á sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Mo ti bẹ ẹni tó ń yá wa kó fi fọ́tò ohun tó máa gbé wá ránṣẹ́. Bí mo bá rí sọ́bùúfà nínú rẹ̀, fódà tí kò ní béèsì la máa lò, ẹ̀gbọ́n yóò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé.