Mo wà láyé báyìí: ṣé ẹ̀rí àtúnwáyé nìyẹn?

Michael Huemer, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, l'Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú jọ́nà Noûs lọ́dún 2021. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé wíwà tí èmi àti ẹ̀yin wà láyé lónìí, ẹ̀rí ni pé a ti wá rí, a ó sì tún wá. Kì í ṣe babaláwo, kì í ṣe wòlíì. Ìṣirò ló fi gbé e kalẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò, tí mo tún ń jẹ́ Yétúndé, ta ló tún yẹ kó dá sí i tó mi?

Bó ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Ká ní ìgbà tó ti kọjá kò níbẹ̀rẹ̀, tí èyí tó ń bọ̀ náà kò lópin. Ká tún ní ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń wá sáyé, kó lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí Ọlọ́run bá yọ̀ǹda. Ọgọ́rùn-ún ọdún nínú àìlópin, òdo ni. A jẹ́ pé kò yẹ kí àsìkò yìí bá mi láyé rárá. Àmọ́ ó bá mi. Tó bá wá jẹ́ pé à ń lọ à ń bọ̀ ni, kò sóhun ìyàlẹ́nu níbẹ̀. Ó wá pe òfin Bayes sí i, ìyẹn Thomas Bayes, pásítọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1761, tí Richard Price ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1763: èrò tó bá sọ pé ohun tójú wa rí yìí kò lè ṣẹlẹ̀, ká jù ú nù, ká di èyí tó fàyè gbà á mú. Huemer ò sọ pé a ó rántí ohun tá a ṣe láyé àkọ́kọ́ o. Ó ní a lè má rántí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí kíóskì Bàbá Ìjẹ̀bú rí á ti máa fura. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń fà nínú àádọ́rùn-ún, ọ̀nà 43,949,268 ló sì wà tí wọ́n lè gbà jáde. Ká ní 7, 23, 41, 66 àti 88 ló jáde nírọ̀lẹ́ òní. Ìṣeéṣe pé àwọn yẹn gan-an ló máa jáde kéré gan-an, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pariwo, àfi ẹni tó fi 23 ṣe bánkà, ìyẹn nọ́ńbà tó gbára lé jù. Márùn-ún kan ṣáà gbọ́dọ̀ jáde. Tí alárìíwísí kan bá wá ní wọ́n ti dìídì ṣètò pé àwọn márùn-ún yẹn ló máa jáde, òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá èsì mu régé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn yẹn ni wọ́n ṣètò, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye yòókù? Ohun tó jèrè lápá ọ̀tún, ó ti pàdánù rẹ̀ lápá òsì.

Mo mọ ohun tí Huemer lè fi dá mi lóhùn: òun ò so àtúnwáyé mọ́ ọdún kan pàtó, nítorí náà ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ò kan òun. Mo gbà fún un. Ibi tí mo ti bá a ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to gan-an ni pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fa ọdún jáde kó tó wá wò ó bóyá mo wà nínú rẹ̀. Ìgbà yòówù kí n wà láyé, òun ni màá máa pè ní àsìkò tèmi. Tó bá jẹ́ ìgbà ogun Kírìjì ni wọ́n bí mi, màá jókòó síbi kan l'Ékìtì, màá sì ṣe ìṣirò kan náà, òdo ni màá tún rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wá o, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni o, kò sọ́jọ́ tí màá la ojú bá ara mi nígbà tí n kò sí. Ìṣeéṣe yẹn, odidi kan ni, kì í ṣe òdo.

Òdo ọ̀hún gan-an, mi ò fọkàn tán an. Bílíọ̀nù 13.8 ọdún làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pe ọjọ́ orí àgbáálá ayé. Bí kò bá sí nǹkan kan ṣáájú ìyẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún tèmi jẹ́ ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù 138. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ṣòro ju kéèyàn fi tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ márààrún lọ. Ó kéré, àmọ́ ó kọjá òdo.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń sàmì sí àbíkú lára, àyẹ̀wò tiwọn mọ́yán lórí ju ti Boulder lọ. Ọmọ á kú, wọ́n á gé etí rẹ̀ díẹ̀ tàbí kí wọ́n gé orí ìka rẹ̀, wọ́n á ní tó bá tún yà, àmì náà á hàn lára rẹ̀. Wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó wá a, ohun tí mo sì ń fi ojoojúmọ́ bẹ àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn. Ibi tó ti ń mẹ́hẹ ni pé ọmọ tí wọ́n bí láìlámì, ẹnikẹ́ni kì í fi ìtàn rẹ̀ pa ààlọ́, àti pé bí wọ́n bá sàmì sétí, tí wọ́n wá rí tàdáwà lọ́rùn, wọ́n á gbà á.

Kí wọ́n tó mọ̀ ní 1949 bí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ṣe ń ti ara bàbá àti ìyá dé ara ọmọ, kí làwọn ará ilé ì bá rò? Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìṣeéṣe pé á jẹ́ SS. Ẹ mú irú wọn 6,400, kí wọ́n bí mẹ́ta mẹ́ta. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ilé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa jẹ́ SS. Láyé ìgbà tí kò sí ọsibítù, ẹ lọ sọ fún ìyá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilé yẹn pé kì í ṣe ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. (Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS, ibà àti ìta pa tiwọn.)

Tèmi wá ńkọ́? Ìyá bàbá mi kú, wọ́n bí mi kí ọdún tó yí po. Ọmọ mẹ́jọ ni màmá fi sílẹ̀, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì ń bímọ lọ́wọ́ nígbà náà. Tí a ò bá rí ọmọbìnrin kankan nínú ẹbí yẹn láàárín ọdún kan, ìyẹn ni ì bá jọ mí lójú. Àwa mẹ́ta la tiẹ̀ jẹ́ màmá: èmi, Ìyábọ̀ tó wà l'Óṣogbo, àti ọ̀kan ní Peckham ní London. Kò dá ìjà sílẹ̀ rí. Ó yé gbogbo ẹbí pé màmá lè ya lọ́dọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí òun alára sì ṣì wà lọ́run, kó máa gbọ́ àdúrà wa. Bí Huemer bá dé ilé wa, ẹni mélòó ló máa kà? Kó tó lè pín ohunkóhun nínú ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tó so ẹni tó lọ mọ́ ẹni tó dé. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹjọ́ wà, ìṣirò rẹ̀ kò sì débẹ̀. Ó ti pinnu ìyẹn kó tó mú bírò.

Mo gbé e lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń pè mí ní Ìyá mi láti kékeré, tí kì í sì í fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé màmá ní tóun bá tún máa wá, ọkùnrin lòun máa yà, pé ìyà obìnrin ti tó òun?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá mi. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

"Obìnrin wá ni mí."

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọ̀dọ̀ oníbodè lẹ ti yí ọkàn padà. Ẹ ti gbàgbé ni?"

Kí ni kí n sọ? Huemer náà kúkú ní a lè má rántí.