Ìdajì Táńkì

Ọjọ́rú, Ely ní Nevada, alẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi kọ́ ló ń bá wí ní ilé epo ní Fallon láàárọ̀, ọmọ tó wà nídìí ọkọ̀ ló ń sọ fún: ìdajì táńkì, òfo ni. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ọ̀nà 50 la gbà: Austin, Eureka, ká tó dé ibí. Àárín wọn, òkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀. Láti 1986 tí ìwé ìròyìn Life ti pè é ní ọ̀nà tó dá wà jù lọ ní Amẹ́ríkà làwọn ará Nevada ti ń fi èébú náà ṣe fáàrí.

Òfo kẹ̀? Fallon sí Austin, máìlì 110. Ọkọ̀ tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 28, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ló máa mu. Táńkì gálọ́ọ̀nù 14, ìdajì ẹ̀ 7. Ó ṣẹ́ kù. Àsọdùn àgbà.

Àbí… tí ẹ̀rọ epo Austin bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Eureka ló kàn, máìlì 70 sí i. 180 nìyẹn. Kí atẹ́gùn wá máa ti ọkọ̀ sẹ́yìn, kí AC máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tún gun òkè Austin Summit tó ju ẹsẹ̀ bàtà 7,400 lọ. Máìlì 28 ti di 24. Gálọ́ọ̀nù méje ààbọ̀. Ìdajì táńkì ò gbé e mọ́.

Bàbá ò sì ṣírò kankan o. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ti táyà ńkọ́? Nọ́ńbà ìwọ̀n atẹ́gùn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe èyí tó wà lára táyà. Òpin agbára táyà nìyẹn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó ti gbóná ń purọ́. Ẹ wọn táyà sípíà náà.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá tẹ búrẹ́kì látòkè délẹ̀, òórùn ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Páàdì á gbóná, omi búrẹ́kì á hó, ẹsẹ̀ á kàn rì ni. Ìrọ̀lẹ́, ẹ rọra: màlúù ń jẹ̀ láìsí ọgbà níbòmíràn, àgbọ̀nrín kì í sì dá kọjá. Ìkan bá fò, ẹ máa retí ìkejì.

Ọ̀la, ọgbà ìtura ìjọba Great Basin. Ọ̀nà tó gun òkè Wheeler Peak níbẹ̀, máìlì 12, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ dé ìdá 8 nínú 100. Ọkọ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 24 ò gbọdọ̀ kọjá ibùdó àgọ́ Upper Lehman Creek. Ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ihò àpáta Lehman Caves tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti gba máàpù sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà.

Gẹ́ẹ̀jì epo wà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ilé epo ò tíì tì. Mò ń bọ̀.