Olúwa Kó Wa Yọ: Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù Wa

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga o! Kòrónà dé, ó jà, ó rọlẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ṣì wà láàyè, orí wa sì pé. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì náà ti parí, ẹlòmíì jó, nọ́ọ̀sì mìíì jókòó, ó bú sẹ́kún. Kò yà wá lẹ́nu.

Lẹ́yìn Ọlọ́run, mátírọ́ọ̀nù wa ni. Bó bá ń pín iṣẹ́, kì í jẹ́ kí ẹnì kan pẹ́ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń wúkọ́. Á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kó lè mí díẹ̀. Á so ẹni tuntun mọ́ ẹni àtijọ́, méjì-méjì, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ aṣọ ìdáàbòbò, torí ẹni tó ti rẹ̀ ló máa ń fi ìbọ̀wọ́ tó ti dọ̀tí kan ojú.

Ìbéèrè rẹ̀ ló gbà wá là jù. Kì í bèèrè pé ṣé dáadáa ni, torí "A dúpẹ́" ni kálukú máa fi dáhùn. Á ní, "Aago mélòó lo sùn? Kí lo jẹ? Aláìsàn wo ni kò kúrò lọ́kàn rẹ?" Á wá dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Bí kò bá sì jáde, kò ní fipá fà á. Ó tọ̀nà: kíkó òṣìṣẹ́ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ikú kan, kí wọ́n fi dandan ro ohun tójú wọn rí, kì í dènà ìpayà tó ń pẹ́ lára.

Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án PHQ-9 tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn aláìsàn, ó ní ká fi wo ara wa náà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń bèèrè. Máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 27. Tó bá ti tó 10, ẹ lọ rí dókítà. Ìbéèrè kẹsàn-án, ti ẹni tó ń ro ikú, bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ju 0 lọ, ẹ má dúró ṣírò ìyókù. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ títí yóò fi rí onímọ̀ ìlera ọpọlọ.

Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa, ẹ ṣé. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì tó ń sunkún nínú yàrá oògùn kò nígbàgbọ́, ẹ gbọ́: ó mọ̀ pé aláìsàn nílò ọ́síjìn, kò sí, ilé ìwòsàn ńlá tó fẹ́ gbé e lọ ti kún. Kó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe, kó má sì rí i ṣe, ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ dá kọfí dúró ó kéré tán wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó sùn, ẹ sì dí fèrèsé kí oòrùn má wọlé. Ọtí máa ń kun èèyàn lóorun, á tún jí i láàárín òru. Bí àlá burúkú àti ìjayà bá ti kọjá oṣù kan, ó ní ìtọ́jú. Ẹ má fi pamọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ìsinmi tí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ dá a padà fáwọn òṣìṣẹ́. Ti mátírọ́ọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí.