Èmi Oníkílò 176

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ikùn mi ò tíì balẹ̀ tán.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti búra pé n ó yọ ikùn yìí dànù, kí apá mi náà sì le díẹ̀. Tírénà mi ní oúnjẹ ni ìdí ọ̀rọ̀: kí n dín ọ̀rá àti ṣúgà kù, kí n sì máa jẹ púrótéènì lójúmọ́, gíráàmù 1.6 sí 2.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wà lára mi. Mo mú 2. Èmi kì í ṣe ahun.

Mo gun òṣùwọ̀n. 176.

Ojú mi ṣú. Kílò 176! Ẹni tó ní làákàyè ì bá kọ́kọ́ wo ara ẹ̀ nínú dígí. Ṣòkòtò tí mo ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́ta ṣì wà nídìí mi, bẹ́líìtì ló ń bá mi gbé e dúró. Síbẹ̀ mo gbà. Mo tiẹ̀ ní egungun mi ló wúwo. Egungun! Bí ẹni pé irin ni wọ́n fi mọ mí.

Mo bá ṣírò ẹ̀: gíráàmù 352. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, bíi ẹyin 59 lójúmọ́ nìyẹn, adìyẹ wo ló fẹ́ yé e? Mo wá pín in: ẹyin 12, àyà adìyẹ sísè ìlàjì kílò, ìyẹ̀fun púrótéènì ife márùn-ún, wàrà sì bá mi dí èyí tó kù. Mo ka iye yẹn fún tírénà. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi."

Lọ́jọ́ kẹta, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe kíkùn lásán o, ìwàásù ni. Àwa márùn-ún la jọ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè níbi iṣẹ́. Ní àjà kejì, èmi nìkan ló kù. Ẹni tó ń lọ sí àjà kẹsàn-án ní òun á fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, pé ó dára fún ọkàn.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tú àṣírí. Ó gun òṣùwọ̀n, 66. Mo figbe ta, mo kọjú sí ìyá rẹ̀: "Kí lo ń fún ọmọ yìí jẹ?" Kò dá mi lóhùn. Ó da òṣùwọ̀n dojú délẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan nídìí ẹ̀, ó ní kí n gùn ún. 81. Pọ́n-ùn ló ti ń kà, pọ́n-ùn 2.2 ló sì wà nínú kílò kan! Ta ló sì yí i sí pọ́n-ùn? Èmi náà ni, lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ bátìrì. Kílò 80 péré ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. 1 tó lé yẹn, èrè ẹyin ni. Ṣebí kálórì 4 wà nínú gíráàmù púrótéènì kan, èmi ń rọ́ ọ sínú bí ẹni ń dí àpò.

Ó dáa, òmùgọ̀ ni mí. Tírénà yìí ńkọ́? Ojoojúmọ́ ló ń rí mi! Òun ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gbé irin lé mi láyà. Ó mọ̀ pé 160 ló tó mi, ó gbọ́ 352, kò ṣẹ́jú. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rántí ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún mi. Òun kan náà ni.

Ìyàwó mi ò tíì jẹ́ n sinmi. Láàárọ̀ yìí, ó gbé àwo síwájú mi, ẹyin tí kò tó ìlàjì ló wà nínú ẹ̀.

"Ẹ máa jẹun, olówó orí mi. Mo ti bá yín fi 2.2 pín in."