Ìgbẹ́ kọ́ ni ìṣòro ilé ẹṣin, ìtọ̀ ni

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé ilé ẹṣin ni mò ń gbá jẹun, ìgbẹ́ ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré lọ bá. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìgbẹ́ pọ̀ lóòótọ́: ẹṣin tó ti dàgbà tán lè ya ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó kìlógíráàmù 20 sí 25 lóòjọ́, ẹ̀yìn èèyàn ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kì í fara pamọ́. Ojú ń rí i, fọ́ọ̀kì ń kó o, bárò ń gbé e jáde, ó parí. Ìtọ̀ ni kí ẹ bá mi bẹ̀rù.

Ìtọ̀ ẹṣin kì í dúró lókè. Ó máa ń gba àárín koríko gbígbẹ tàbí èérún igi tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ọ́ di amóníà, gáàsì tó ń ta èèyàn nímú, tó ń mú ojú ṣomi. Ó ń ba ọ̀nà èémí ẹṣin jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin á máa wúkọ́, agbára eré rẹ̀ á dín kù, olówó rẹ̀ á sì máa wá ìdí rẹ̀ sínú oúnjẹ. Ilẹ̀ tó ń rin gbindin náà tún máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ pátákò rà, kó máa rùn. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé nílẹ̀ níbẹ̀ ni gáàsì náà ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni ẹṣin ń gbé imú sí tó bá dùbúlẹ̀. Ọmọ ẹṣin ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí pé ó máa ń pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kúnlẹ̀. Kí n tó sọ pé yàrá kan ti parí, màá kúnlẹ̀ ní igun tí ẹṣin náà ti sábà máa ń tọ̀, màá gbé ojú mi sún mọ́ ilẹ̀, níbi tí imú ẹṣin tó dùbúlẹ̀ máa ń wà, màá wá mí sínú dáadáa. Bó bá ta mí nímú, iṣẹ́ ò tíì parí. Bàbá kan tí mò ń bá tún ilé ẹṣin wọn ṣe bi mí nígbà kan pé, "Màmá, yàrá yìí ti mọ́ tónítóní, kí lẹ tún ń wá nílẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yára nàró, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi fa ọ̀rọ̀ owó ìtẹ́lẹ̀ tuntun mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le, sùúrù ló gbà. A ó kọ́kọ́ mú ẹṣin jáde, torí eruku tó ń sọ nígbà tí a bá ń da ìtẹ́lẹ̀ rú kò yẹ kó wọ imú rẹ̀. A ó kó ìgbẹ́, a ó wá ju gbogbo èyí tó bá gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ojú ibi tó tutù yóò fi hàn. Ìyẹn la ó fi ṣọ́bìrì ha kúrò pátápátá. Bó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, a ó gbé e sókè lóòrèkóòrè, torí ìtọ̀ máa ń yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ. Ibi gbígbẹ yìí làwọn tó ń kánjú máa ń fò: wọ́n á da èérún igi tuntun lé orí èyí tó ti tutù, yàrá á sì rẹwà lójú. Ẹṣin ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da bílíìṣì sórí ilẹ̀ tí ìtọ̀ ṣì wà. Tó bá pàdé amóníà, gáàsì olóró ni yóò di, ó lè ṣe ẹ̀yin àti ẹṣin léṣe. Oògùn apakòkòrò kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí oògùn tó kàn án.

Ìgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ẹṣin tí ara rẹ̀ le máa ń yàgbẹ́ bíi ìgbà 8 sí 12 lóòjọ́. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kì í kó o láì kà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹṣin dúdú yẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ lóru, koríko rẹ̀ sì wà níbẹ̀." Mo pe ẹni tó ni ín lójú ẹsẹ̀, òun náà pe dókítà ẹran. Inú rírun ni, ìyẹn sì lè pa ẹṣin láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹṣin náà yè. Àwa kì í ṣe dókítà, a kì í sọ pé àrùn báyìí ni. Ohun tí a rí la ń sọ, a sì ń sọ ọ́ kíákíá. Ó dá mi lójú pé ojú tí a ń fi wo nǹkan yìí ló jẹ́ kí àwọn oníbàárà máa dúró tì wá, ju fọ́ọ̀kì wa lọ.

Ẹni tó bá ń ti ilé ẹṣin kan bọ́ sí òmíràn tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lè gbé àrùn kiri. Àrùn strangles, tó máa ń mú ọ̀fun ẹṣin wú, máa ń ti ara báàkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ àti aṣọ ràn. Nítorí náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀kì àti bárò tirẹ̀, wọn kì í bá wa jáde. A ń fọ bàtà rọ́bà wa lẹ́nu ọ̀nà ká tó lọ. Ẹ bèèrè irú igi tí èérún ti wá pẹ̀lú, torí èérún igi black walnut lè ba pátákò ẹṣin jẹ́ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ti òkìtì ìgbẹ́, ẹ máa yí i padà kó lè gbóná dé inú. Tó bá gbóná tó 55°C sí 60°C fún ọjọ́ mélòó kan, yóò pa ẹyin aràn àti irúgbìn èpò. Tútù rẹ̀ kò yẹ ní pápá tí ẹṣin ti ń jẹko. Àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa fi nǹkan bo imú. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní kí n wá tún ilé ẹṣin òun ṣe, mo máa ń bèèrè ibi tí ìgbẹ́ ń lọ, ẹni tó ń ra ìtẹ́lẹ̀, àti ẹni tí màá pè bí mo bá bá ẹṣin nílẹ̀ tí kò lè dìde. A ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà ẹni tí màá pè níbẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.