Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ààbò ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ààbò ìrìnnà, bí ìjọba bá dí ọ̀nà kan mọ́ àwọn ọ̀daràn, ẹ tètè wo ibi tí èrò ń rọ́ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn náà ń bọ̀.

Nígbà tí ìjínigbé gbòde lójú títì Àbújá sí Kàdúná, àwọn èèyàn sá wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016. Kìlómítà 186 ni irin náà, inú igbó ló sì gbà lọ́pọ̀ ibi. Ọlọ́pàá wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀daràn rì sábẹ́ irin níwájú? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, bọ́ǹbù ba irin náà jẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn ya bo pápákọ̀ òfurufú Kàdúná, wọ́n sì pa ẹ̀ṣọ́ kan. Lọ́jọ́ 28, àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ ojú irin dúró lálẹ́ nítòsí Katari, wọ́n pa ó kéré tán èèyàn 8, wọ́n sì kó èyí tó lé ní 60 lọ. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn tó kù tó gba ìtúsílẹ̀.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí tirélà kékeré orí irin tàbí ẹ́ńjìnnì lásán ṣíwájú, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má pẹ́ tó èyí tí èèyàn lè fi gbẹ́lẹ̀. Níbi afárá àti gọ́tà tó gba abẹ́ irin, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn ín. Ẹ wo òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, wáyà, àti kílíìpù tó ń di irin mú tó ti sọnù: àwọn olè tó ń jí irin tà ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa níbẹ̀.

Ìwé orúkọ èrò náà ṣe pàtàkì gidigidi. Ẹni tó bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn wọkọ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ò ní rí orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) látìgbà tí ọkọ̀ náà padà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé orúkọ náà sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ro koríko ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kẹ́ ẹ sì máa yí àkókò ìṣọ́ padà.

Àgbẹ̀ àti darandaran ló ń kọ́kọ́ rí àlejò nínú igbó. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan yóò gbé lóru.